Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó wú lójijì: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ṣegede, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni akòkòrò

Bó ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún márùn-ún kan ń jẹ iṣu lọ́wọ́, ló bá ní eyín ń mì òun. Màmá àgbà tó ń tọ́ ọ lábúlé, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti bá òwò lọ sí Èkó, ní kó la ẹnu. Màmá fi ọwọ́ kan eyín náà, ó mì lóòótọ́. Ẹ̀rín ni màmá rín. Ó ní ọmọ òun ti ń dàgbà nìyẹn, ó ti fẹ́ máa pààrọ̀ eyín, kó má gbàgbé láti jù ú sórí òrùlé tó bá yọ.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ti wú. Àwọn ará ilé ní ṣegede ni, wọ́n fi aró pa á. Ọjọ́ kẹta, ó tún wú sí i. Ẹnì kan ní akòkòrò ló ti wọnú eegun, wọ́n bá gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ bàbá oníṣègùn, bàbá sín gbẹ́rẹ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n tún lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, wọ́n ra oògùn, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, eyín mẹ́rin ti ń mì, ọmọ kò lè pa ẹnu dé mọ́, ojú rẹ̀ kan sì ti ń yọ síta bí ẹni pé nǹkan kan ń tì í láti ẹ̀yìn. Ìgbà náà ni wọ́n tó wá owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

A kò sọ̀rọ̀ nípa ọmọ kan pàtó o. Irú ìtàn yìí ni àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ àti àwọn dókítà eyín nílẹ̀ wa máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí, orúkọ abúlé nìkan ló ń yí padà. Àìsàn tó wà nídìí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní jẹjẹrẹ Burkitt. Nínú àwọn jẹjẹrẹ tó ń bá ọmọdé jà ní agbègbè wa ní Áfíríkà, ó wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà lára èyí tó ṣeé wò jù lọ, bí wọ́n bá tètè gbé ọmọ dé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fi sọ́kàn, pàápàá ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà tí ọmọ-ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ yín, nítorí ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ rí i.

Oníṣẹ́ abẹ olójú kan

Burkitt tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn yìí kì í ṣe ẹni tó jókòó sí yàrá àyẹ̀wò. Oníṣẹ́ abẹ ni. Ìlú Enniskillen, ní apá àríwá ilẹ̀ Ireland, ni wọ́n ti bí Denis Burkitt lọ́dún 1911. Ó ṣèṣe nígbà tó wà lọ́mọdé, ojú rẹ̀ kan fọ́, ojú kan tó kù yẹn ló fi kọ́ iṣẹ́ abẹ, òun náà ló sì fi ṣe é. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó lọ ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Uganda, nígbà tó sì yá, ó di oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala.

Lọ́dún 1957, Dókítà Hugh Trowell tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Mulago ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá òun wo ọmọ kan. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lápá ọ̀tún, ó wú lápá òsì, ó wú lókè, ó wú nísàlẹ̀. Èyí ló ya Burkitt lẹ́nu. Bó bá ṣe pé eyín ló kó ọyún, ibì kan ni ì bá ti wú. Bó bá sì jẹ́ irú kókó tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ibì kan náà ni ì bá ti hù. Kí ló wá lè wú ní ibi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà? Kò mọ̀ ọ́n, kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ló lọ sí ilé ìwòsàn ìlú Jinja. Bó ṣe bojú wo ìta láti ojú fèrèsé, ó rí ọmọ mìíràn tó jókòó pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lórí koríko, ojú òun náà wú. Ó jáde lọ bá wọn. Nígbà tó yẹ ọmọ náà wò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti èkíní gẹ́lẹ́, kókó sì tún wà nínú ikùn rẹ̀.

Oníṣẹ́ abẹ mìíràn ì bá mi orí, kó ní ó ṣe òun láàánú, kó sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, nítorí àwọn tó ń retí abẹ lójoojúmọ́ kò lóǹkà. Burkitt kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ ń tú ìwé àwọn ọmọ tí wọ́n ti tọ́jú ṣáájú. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé àwọn kan wà tí wọ́n kọ ọ́ pé jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń ṣe wọ́n, wọ́n kọ ti àwọn mìíràn sí kídìnrín, wọ́n kọ ti àwọn kan sí ibi ẹyin ọmọbìnrin, àwọn kan sì wà tí wọ́n ní ojú ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń to àwọn ìwé náà síra wọn, ó hàn sí i pé àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kódà Sir Albert Cook, dókítà ajíyìnrere tó dá ilé ìwòsàn Mengo sílẹ̀ ní Kampala lọ́dún 1897, ti ní àwòrán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nǹkan tó wà níwájú gbogbo èèyàn ni, kò kàn sí ẹni tó so ó pọ̀ ni. Ọdún 1958 ni Burkitt kọ ọ́ jáde nínú ìwé àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí lákọ̀ọ́kọ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí àìsàn náà wà àti ibi tí kò sí. Ó tẹ ìwé pélébé tó ní fọ́tò ọmọ tó wú lẹ́rẹ̀kẹ́, ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri Áfíríkà, ó ní ṣé ẹ ti rí irú èyí rí? Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, òun àti dókítà méjì mìíràn, Ted Williams àti Cliff Nelson, kó sínú ọkọ̀ Ford àlòkù kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n fi rìn, nǹkan bíi máìlì 10,000, láti Uganda títí dé South Africa, wọ́n ń yà sí ilé ìwòsàn kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí títì ṣe rí láyé ìgbà náà mọ̀ pé kì í ṣe ìrìn fàájì.

Àbájáde rẹ̀ yé gbogbo èèyàn. Àìsàn yìí yí Áfíríkà ká ní àárín bí ọ̀já tí wọ́n dì mọ́ ìbàdí. Ó wà níbi tó gbóná, tí òjò sì ń rọ̀ dáadáa. Orí òkè tó ga tó sì tutù kò ní in, ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ kò ní in. Ṣé ẹ̀yin náà ti ń rí ohun tó jọ ọ́? Ibi tí ẹ̀fọn ti ń ráyè bímọ ni ibi tí àìsàn yìí wà, tí ibà ti ń ṣe ọmọdé léraléra. Ilẹ̀ Yorùbá wà láàárín ọ̀já náà gbágbáágbá.

Kókó tó bá kùrukùru dé

Kí Burkitt tó lọ ìrìn àjò yẹn, ó sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn Middlesex ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1961. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Anthony Epstein wà lára àwọn tó gbọ́ ọ. Ọkàn Epstein sọ fún un pé fáírọ́ọ̀sì ló máa wà nídìí irú àìsàn báyìí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gé díẹ̀ lára kókó àwọn ọmọ Uganda, tí ọkọ̀ òfúrufú ń gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó lé ní ọdún méjì tí Epstein fi ń wá a, tí kò rí nǹkan kan.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1963, kùrukùru bo Lọ́ńdọ̀nù débi pé ọkọ̀ òfúrufú tó gbé kókó náà kò lè balẹ̀ níbẹ̀, Manchester ló lọ balẹ̀ sí. Nígbà tí ẹrù fi máa dé ọwọ́ Epstein, omi tó wà nínú ìgò ti dà rú. Wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́, wọ́n fẹ́ dà á nù. Nígbà tí wọ́n wò ó dáadáa, sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ló já kúrò lára kókó tó ń léfòó nínú omi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ni wọ́n tọ́jú tó dàgbà, inú wọn ni wọ́n sì ti rí fáírọ́ọ̀sì ní ọdún 1964. Epstein, Yvonne Barr àti Bert Achong tó jẹ́ ọmọ Trinidad ni wọ́n jọ kọ ọ́ jáde. Fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr ni wọ́n ń pè é títí dòní, òun sì ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí ayé mọ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ ọmọ èèyàn. Oṣù kejì ọdún 2024 ni Epstein kú, ẹni ọdún 102.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín o. Fáírọ́ọ̀sì yìí wà lára àgbàlagbà tó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ní gbogbo àgbáyé. Inú itọ́ ló ń gbé, nílẹ̀ wa sì rèé, láti kékeré ni ọmọ ti máa ń ní in, yóò kàn sùn sí ara rẹ̀, kò ní ṣe é ní nǹkan kan títí yóò fi darúgbó. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí ni pé bí ibà bá ń kọlu ọmọdé léraléra, ó máa ń sọ ẹ̀ṣọ́ inú ara di aláìlágbára, ó sì tún máa ń da àwọn sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì sùn sí láàmú kí wọ́n máa pọ̀ sí i. Níbi tí wọ́n ti ń pọ̀ yẹn ni sẹ́ẹ̀lì kan ti lè ṣàṣìṣe, tí ìjánu rẹ̀ yóò já, tí kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró mọ́. Ọmọ tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí kò pọ̀ rárá láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ibà ń ṣe. Àìsàn náà kì í ràn. Kì í ṣe ẹ̀pè, kì í ṣe àfọwọ́fà ìyá ọmọ, súìtì tí ọmọ ń jẹ kọ́ ló fà á. Bẹ́ẹ̀ kí àpọ́n má wá sọ pé ìyàwó ilé tó kù ló ṣe é.

Abẹ tó dúró nínú àpò

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yàtọ̀ sí ti kókó mìíràn nìyí. Oníṣẹ́ abẹ ni Burkitt, abẹ ni irinṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ kò ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gé eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò, ojú ọmọ yóò bàjẹ́, kókó yóò sì tún padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tàbí kó yọ níbòmíràn. Kò sì sí ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán jó jẹjẹrẹ ní Uganda nígbà náà. Oògùn ló kù. Wọ́n ti ń dán àwọn oògùn kan wò ní Amẹ́ríkà fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, Burkitt sì gba díẹ̀ lára wọn: methotrexate, cyclophosphamide, vincristine.

Nígbà tó fún àwọn ọmọ ní oògùn yìí, kókó tó tóbi bí ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ tí kò lè pa ẹnu dé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n gba oògùn náà, tí kókó kò sì padà wá mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní oògùn lè wo jẹjẹrẹ san, ojú òpùrọ́ ni wọ́n máa fi wò ó.

Ìbàdàn náà kò gbẹ́yìn. Ọdún 1957 tí Burkitt rí ọmọ àkọ́kọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, kò sì pẹ́ tí àwọn dókítà ibẹ̀ fi rí i pé àìsàn yìí pọ̀ lágbègbè wa. Victor Anomah Ngu, ọmọ ilẹ̀ Cameroon tó ti fìgbà kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, ló jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Oògùn ni òun náà gbájú mọ́, tó ń fún àwọn ọmọ tí kókó wú lẹ́rẹ̀kẹ́, tó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí oògùn jẹjẹrẹ ní àmì ẹ̀yẹ Lasker ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1972, orúkọ Burkitt wà níbẹ̀, orúkọ Ngu láti Ìbàdàn náà sì wà níbẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ méjì ló gba àmì ẹ̀yẹ nítorí àìsàn tí wọ́n kọ̀ láti gé.

(Burkitt yìí kan náà ló tún wá di gbajúmọ̀ lẹ́yìn náà, tó ń sọ fún àwọn òyìnbó pé oúnjẹ tí wọ́n kú dànù nínú rẹ̀ ló ń fa àìlèyàgbẹ́ àti oríṣiríṣi àìsàn ìfun fún wọn. Ẹ̀wà, ọkà bàbà àti ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ ló ń yìn fún wọn. Ọdún 1993 ló kú.)

Bí ẹ bá gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn

Dókítà kò ní sáré gé nǹkan kan. Yóò kọ́kọ́ béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún un, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ tí ẹ lò lọ́dọ̀ oníṣègùn pamọ́ nítorí ìtìjú, nítorí bí kókó náà ṣe yára tó wà lára ohun tó máa jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Jẹjẹrẹ Burkitt wà lára èyí tó ń yára dàgbà jù lọ nínú gbogbo jẹjẹrẹ èèyàn. Láàárín wákàtí 24 sí 48, iye sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Kókó tí ẹ rí lọ́jọ́ Ajé kọ́ ni ẹ máa rí lọ́jọ́ Ẹtì.

Yóò fọwọ́ kan ikùn ọmọ, yóò wo ojú rẹ̀, yóò ní kó rìn. Lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ abẹ yóò gé díẹ̀ bíńtín lára kókó, tàbí kó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ jáde. Àwọn kan máa ń sọ pé bí irin bá ti lè kan jẹjẹrẹ, ṣe ló máa fọ́n káàkiri ara, wọ́n á sì gbé ọmọ sá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láìsí èyí tí wọ́n gé yẹn, kò sí ẹni tó lè sọ irú kókó tó jẹ́, oògùn tó sì wà fún un yàtọ̀ sí ti òmíràn. Onímọ̀ tó ń wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ló máa sọ. Wọ́n ní bó ṣe máa ń rí lójú wọn dà bí ojú ọ̀run lóru tí ìràwọ̀ yọ: sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣú dùdù, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń jẹ òkú sẹ́ẹ̀lì wá ń tàn láàárín wọn.

Wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀, wọn yóò yẹ àrùn HIV wò, wọn yóò ya àwòrán ikùn, wọn yóò fa díẹ̀ lára mùdùnmúdùn inú eegun àti omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òbí àti nọ́ọ̀sì. Wọ́n ń ṣe é nítorí pé àìsàn náà lè wọ inú omi tó yí ọpọlọ ká, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń gbà fi oògùn sí i.

Ìdí tí ẹ kò fi lè ra oògùn yìí kí oníkẹ́míìsì gún un fún ọmọ nílé ni pé bó ṣe ń yọ́ kíákíá yẹn náà ni ewu wà. Òkú sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń ya wọnú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kídìnrín ni yóò sì kọ́kọ́ kọlù. Ọmọ tí kókó rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lè kú nítorí pé kò tọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fa omi púpọ̀ sí i lára kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì yóò sì máa wọn ìtọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wọn epo. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ìtọ̀ pamọ́ kí wọ́n wá wò ó, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Irun ọmọ yóò re, yóò bì, ẹnu rẹ̀ lè di egbò, ara rẹ̀ kò ní lágbára láti bá àìsàn mìíràn jà fún ìgbà díẹ̀. Irun yóò padà hù. Ibà ara gbígbóná lásìkò yìí kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi àgbo wò nílé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e padà.

Ewu tó wà nínú ayọ̀

Ohun tó ń ba àwọn dókítà nínú jẹ́ jù kọ́ ni ọmọ tó pẹ́ kó tó dé. Ọmọ tó tètè dé, tó gba oògùn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí inú gbogbo ilé sì dùn, ni wọn kì í rí mọ́. Owó ti tán. Oko ń dúró. Àwọn ọmọ tó kù nílé kò rẹ́ni bójú tó wọn. Ọmọ náà ń ṣeré, ó ń jẹun, kí la tún ń wá lọ sí ilé ìwòsàn? Oṣù kejì tàbí ìkẹta, kókó yóò padà, nígbà yìí, ó lè jẹ́ inú ikùn tàbí inú ọpọlọ ni yóò gbà yọ, oògùn àkọ́kọ́ kò sì ní ràn án bó ṣe ràn án tẹ́lẹ̀.

A kò ní bá yín purọ́ pé owó kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Cyclophosphamide fúnra rẹ̀ jẹ́ oògùn àtijọ́, kì í ṣe lára àwọn tó wọ́n jù nínú oògùn jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ẹni tó ń dúró ti ọmọ ló ń gbọ́n àpò gbẹ. Ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọ kan ní Cameroon, wọ́n dín iye oògùn kù sí èyí tí apá àwọn tálákà ká, cyclophosphamide ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọmọ tó sì lé ní ìdajì ló ń yè. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó olówó, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń yè. Àìsàn kan náà ni o. Èrò tiwa ni pé ìjọba tó lè ra ọkọ̀ fún aṣòfin lè san owó yìí fún àwọn ọmọ tó ń ní in lọ́dún. Títí dìgbà tí wọ́n á fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó gbé ọmọ kúrò nítorí owó, ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re tó wà ní ilé ìwòsàn, ẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún wọn. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀.

Ohun tí ìyá àgbà lè fi mọ̀ ọ́n

Eyín iwájú, nísàlẹ̀, ló máa ń kọ́kọ́ mì fún ọmọ tó fẹ́ pààrọ̀ eyín, ọmọ náà yóò sì ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Bó bá jẹ́ pé èrìgì, eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ, ló ń mì fún ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ má rín ẹ̀rín. Ṣegede máa ń wú lábẹ́ etí, ara á gbóná, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì á ti lọ. Eyín tó kó ọyún máa ń dun ọmọ gan-an, ibẹ̀ á gbóná bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, oògùn á sì mú kó rọlẹ̀. Jẹjẹrẹ yìí kì í sábà dun ọmọ tó bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í gbọ́ ti oògùn apakòkòrò, ó sì ń wú sí i lójoojúmọ́. Àwọn kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ mìíràn wà tó ń gba oṣù tàbí ọdún kó tó tóbi, àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ ló sábà máa ń ní ìyẹn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì ń ṣe sí i. Ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fojú sọ ohun tí kókó jẹ́.

Ó lè máà yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ rárá. Ikùn ni yóò kàn máa wú, pàápàá fún ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ ọmọ yóò rọ lójijì, kò ní lè dìde, ìtọ̀ rẹ̀ yóò há, àwọn ará àdúgbò á ní ó gbẹ́sẹ̀ lé oògùn ìkà. Kókó ló fún ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e dé láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó gba oògùn, ó lè tún rìn. Bó bá fi pẹ́ jù, ẹsẹ̀ náà lè máà padà mọ́, kódà bí kókó bá tiẹ̀ yọ́.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà eyín tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì sọ fún wọn láìfi bò pé ó ń wú lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn, tí kò sì rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ má dúró parí ìgò kejì. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn: UCH wà ní Ìbàdàn, ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ti Ìlọrin náà wà níbẹ̀. Àwọn dókítà tó wà níbẹ̀ ti rí i rí.

Bí ọmọ bá ti gba gbogbo oògùn rẹ̀ tán, wọn yóò máa ní kó wá kí wọn, lóṣooṣù lákọ̀ọ́kọ́. Bí kókó yìí bá máa padà, láàárín ọdún àkọ́kọ́ ló sábà máa ń padà. Ọmọ tó bá ti fò ó kọjá ọdún méjì, ìwé rẹ̀ ni dókítà máa ń pa dé, tí wọ́n á sì ní kó lọ máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù.